Ọmọ Tógò tí ó gba Abidjan kọjá dé ilẹ̀ yìnyín

Bí a bá dárúkọ Abidjan létí ọmọ Yorùbá, pàápàá ará Èjìgbò, òwò ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ìlú náà kọjá láyé ọjọ́un tí kò bá ti òwò wá. Greenland, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà nítòsí ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá, ni ó ń lọ. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Tógò, ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1941 ni wọ́n bí i. Nígbà tí ó ń dàgbà, ó gun igi àgbọn, ó bá ejò pàdé lókè, ó sì já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ abọrẹ̀ òrìṣà òjòlá. Ìyá náà wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ó padà wá di àwòrò. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ní ilé ìtàwé kan ní Lomé, ó rí ìwé nípa Greenland: ilẹ̀ tí kò ní ejò, tí kò ní igbó. Ó sá kúrò nílé.

Ọdún 8 ni ó fi rìn. Ìlú tí ó bá dé ni ó ti ń ṣiṣẹ́ kí ó lè rí owó ọkọ̀: Gánà, Côte d'Ivoire, Sẹ̀nẹ̀gà, Faransé, Jámánì, Denmark. Ní 1958, àwọn kan dìde ní Abidjan, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ará Tógò àti Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, padà sílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1965 tí ó gúnlẹ̀ sí Greenland, àwọn ọmọdé kan bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n rí i, nítorí wọn kò rí aláwọ̀ dúdú rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún un.

Ó lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń darí ọkọ̀ tí ajá ń fà lórí yìnyín. Ó wù ú kí ó dúró títí ayé, àmọ́ ó rò ó pé bí òun kò bá padà, ta ni yóò ròyìn fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà? Nítorí náà ni ó ṣe padà. Ìwé rẹ̀, L'Africain du Groenland, jáde lọ́dún 1981.

Ilẹ̀ Faransé ni ó fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò ní Greenland, ó sì tún bẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2022, nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ lo ìyókù ayé òun níbẹ̀.

Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ibi tí Kpomassie sá lọ nígbà èwe ni ó kà sí ilé nígbà ogbó.