Ẹ̀kọ́ Ilé àti Ìdákẹ́jẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù àti oúnjẹ ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Aṣọ tí ó nípọn ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, kì í pe orúkọ rẹ̀, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ wá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iyàrá ìjíròrò ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí olùkọ́ ti ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ta ko òun. Ó tẹrí ba, ó dákẹ́. Lójú tirẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lójú olùkọ́, kò ka ìwé rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò tilẹ̀ ní "ẹ" àti "o" tí ì bá fi ya àgbà sọ́tọ̀.

Àwọn kan ti ti ibí yìí sọ pé àṣà wa kò fàyè gba àríyànjiyàn. N kò gbà. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, yóò ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o". Àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ó ti gbàyè nìyẹn, ó lè sọ ohun tí ó le. Ilẹ̀kùn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá ní iyàrá ìjíròrò tí kò rí. Olùkọ́ tí ó bá mọ̀ yóò dárúkọ rẹ̀, yóò bi í léèrè. Ó ṣílẹ̀kùn nìyẹn.

Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Ìwé ìròyìn wọn ń jẹ́ Wàsù. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í gba aláwọ̀ dúdú, Ṣólàńkẹ́ rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti kówó jọ, wọ́n sì ṣí ilé tiwọn ní Camden ní 1933. Ẹni tí ó dákẹ́ lọ́sàn-án lè jiyàn níbẹ̀ di òru. Nígbà tí Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà Churchill, wá bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹjọ 1941, òun ni àlejò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fún un láyè ọ̀rọ̀.