Bí A Ti Í Yẹ Ilẹ̀ Ìgbèríko Wò Kí Ọjọ́ Ìpọ́njú Tó Dé

Àwọn àgbà a máa wí pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba pàṣẹ kí olúkúlùkù jókòó sí ilé ní Èkó àti ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn kòrónà, ẹni tí ó ń ra oúnjẹ òòjọ́ lójú ọjà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìbéèrè kan jáde láti inú èyí: irú ilẹ̀ wo ni ènìyàn lè máa gbé, tí yóò fi lè bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀, bí ọ̀nà bá dí tí ọjà sì tì?

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Ìbàràpá ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn ni ó wà, ní àríwá Abẹ́òkúta. Ìlú méje ni a ń kà níbẹ̀: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láǹlátẹ̀, Ìdèrè, Táápá, Àyẹ́tẹ̀ àti Ìgàngàn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tí igi wà nínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ níbẹ̀, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà òjò àròkúrò a sì dé. Nítorí náà a lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ń ṣe dáadáa. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní oṣù keje, tí ó rí i bí gbogbo oko ti tutù yọ̀yọ̀, yóò wí pé òun ti rí ibi ìsinmi.

Ṣùgbọ́n oṣù keje kọ́ ni a fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Ní oṣù kejì ni kí ẹ lọ, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, tí odò kéékèèké sì ti di iyanrìn. Ẹ má ṣe bi onílẹ̀ léèrè ibi tí omi wà. Àwọn obìnrin tí ń pọnmi ni kí ẹ bi, kí ẹ sì bá wọn rìn dé ìdí omi náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìdèrè ni ẹ̀rí wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣàìdára, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1990, sòbìà da ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ dùbúlẹ̀. Nínú omi adágún ni àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé ọmọ sòbìà wà. Ẹni tí ó bá mu ún kò ní mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni aràn náà yóò lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni èyí sì ń pọ̀ jù, nígbà tí ó yẹ kí ó máa kó irè oko wálé, kí ó sì máa kọ ebè. Báyìí ni ebi fi ń wọ ilé tí kò ṣe aláìní ilẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn náà ní gbogbo Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n ju 600,000 lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí a bò àti ẹ̀kọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀: ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ọdún 2013 ni a sì kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé, omi ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó yẹ ilẹ̀ wò.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Garawa kan ń gba nǹkan bí lítà 18. Ẹ ka garawa kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu, sísè àti wíwẹ̀. Ilé ẹni mẹ́fà yóò lo garawa 180 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Òrùlé páànù tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5, lè gba nǹkan bí lítà 1,000 nínú òjò ńlá kan tí ó tó mìlímítà 20, èyí tí yóò kún dírọ́ọ̀mù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ilé ẹni mẹ́fà náà yóò lo dírọ́ọ̀mù márùn-ún tán kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Omi òjò ṣe ìrànlọ́wọ́. Kò lè rọ́pò kànga tí kì í gbẹ.

Lẹ́yìn omi ni oúnjẹ. Ẹ má ṣe kà á nígbà ìkórè. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹfà ni kí ẹ kà á, nígbà tí iṣu àtijọ́ ti tán, tí tuntun kò sì tíì ta. Ẹ̀gẹ́ ni àká tí ó wà nínú ilẹ̀, nítorí ó lè dúró ju ọdún kan lọ láìwú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wú u, láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń bàjẹ́, bí a kò bá sọ ọ́ di gàrí tàbí láfún. Àgbàdo tí a ó tọ́jú gbọ́dọ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ké pàkà lábẹ́ eyín.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iyọ̀ kì í hù ní oko. Ọkọ́, àdá, ìṣáná àti oògùn kì í hù níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú èyí tí yóò tó oṣù mẹ́ta. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé, tí ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ó má ga ju etí ṣíbí lọ, mọ́ lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ.

Ó ku ohun kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Iṣu tí ó wà nínú àká kò lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ibi tí yóò dá gbé, tí kò ní rí èéfín aládùúgbò, kò wá ààbò. Ní Abẹ́òkúta tí ó wà nítòsí, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, àpáta nìkan kọ́ ni ó dá wọn sí; ọ̀pọ̀ ìlú ni ó para pọ̀ di ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ilẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí: Omi wo ni a ń mu níhìn-ín ní oṣù kejì? Kí ni a ń jẹ ní oṣù karùn-ún? Ọ̀nà mélòó ni ó jáde, èwo ni omi sì ń bò? Wákàtí mélòó ni a ó fi rìn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì? Bí mo bá ké lóru, ta ni yóò gbọ́? Ilẹ̀ tí ó bá dáhùn márààrún dáadáa kò wọ́pọ̀. Èyí tí ó bá dáhùn mẹ́ta, kí a fi ọwọ́ ara wa tún méjì tí ó kù ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.