Àpọ́n Tí Kì Í Jẹ Ẹran: Kí Ni Yóò Máa Sè?

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ọmọkùnrin yín tó ti kúrò nílé, tó gba yàrá kan sí ìlú mìíràn nítorí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́, tí kò tíì gbéyàwó, tó sì ti pinnu pé òun kò ní jẹ ẹran àti ẹja mọ́.

Ìyá kan tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ wá. Ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ti rù. Kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja. Nígbà tó wá kí mi, mo lọ edé kúnná, mo dà á sínú ẹ̀fọ́ kí ó má baà mọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó sì gbé àwo kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun nílé mi mọ́." A bi í léèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ níbi tó ń gbé. Ó dáhùn pé búrẹ́dì àti tíì ni láàárọ̀, gààrí ní ọ̀sán, ìrẹsì àti ata dídín ní alẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kíyè sí ìdáhùn yìí dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran tí kò jẹ nìkan ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi. Ẹ̀wà tí kò sè, ẹ̀fọ́ tí kò rà àti èso tí kò jẹ ni kí a kọ́kọ́ bi í.

ÀÌJẸ ẸRAN KÌ Í ṢE ÀRÙN

Ọ̀pọ̀ ìdí ló lè mú kí ènìyàn má jẹ ẹran. Ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, àánú ẹranko ń ṣe ẹlòmíràn, ẹlòmíràn sì rí i pé owó òun kò ká ẹran mọ́. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí pé kò sí ìdílé Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀. Ẹ tún wo oúnjẹ tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, àdàlú, ọ̀jọ̀jọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè sè láìfi ẹran sí i.

Ẹran ń fún ara ní èròjà amúaradàgbà tí à ń pè ní purotéènì, èròjà irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti fítámì B12. Ẹni tó bá yọ ẹran kúrò nínú àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn dí àyè rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àpọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n yọ ẹran, wọn kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀WÀ NI ẸRAN RẸ̀

Ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 50 purotéènì lójúmọ́. Gíráàmù 100 gààrí kò fún un ju nǹkan bíi gíráàmù 1 lọ. Ṣùgbọ́n gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní tó 22, ẹ̀pà ní tó 25, sóyà sì ní tó 36. Ẹyin 1 ní nǹkan bíi 6.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà gíráàmù 100, ẹyin 2 àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́, ó ti ní nǹkan bíi gíráàmù 40. Ẹ̀kọ, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tó bá jẹ pẹ̀lú wọn yóò kún ìyókù. Ẹni tí kì í jẹ ẹyin lè fi sóyà tàbí ẹ̀wà kún un.

Àwọn ìyá wa kò ṣèèṣì fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ. Ohun tí ó dín nínú purotéènì àgbàdo pọ̀ nínú ti ẹ̀wà, ohun tí ó dín nínú ti ẹ̀wà sì wà nínú ti àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdàlú rí, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì àti ẹ̀wà rí.

Ní ti sóyà, láti àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA tó wà ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ìdílé bí a ṣe ń lò ó nínú oúnjẹ ilé wa. A lè fi se mílíìkì, a lè fi ṣe wàrà sóyà tí a ń dín tà ní ọjà, a sì lè lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù tàbí kí ó má jinná dénú. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara lo purotéènì rẹ̀. Iná nìkan ló ń pa á.

KÍ Ẹ̀JẸ̀ MÁ BAÀ DÍN LÁRA

Èròjà irin wà nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, àti nínú ẹ̀gúsí. Àmọ́, irin inú ewébẹ̀ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Fítámì C ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ó jẹ ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí gúáfà ní àkókò kan náà tó bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Tíì àti kọfí ń dènà irin; kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu wọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bọ ẹ̀fọ́ títí, a ó wá fún omi rẹ̀ dànù. Omi yẹn ń gbé púpọ̀ nínú èròjà ẹ̀fọ́ náà lọ. Kí a fọ̀ ọ́ mọ́ kí a tó rẹ́ ẹ, kí a dà á sínú ọbẹ̀ tó ti jinná, kí a sì sọ̀ ọ́ láìpẹ́.

ÌKÒKÒ KAN, SÍTÓÒFÙ KAN

Àpọ́n yóò sọ pé òun kò ní àkókò, àti pé ẹ̀wà ń jẹ kẹrosíìnì tàbí gáàsì. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹ kọ́ ọ báyìí:

1. Kí ó ṣa ẹ̀wà kí ó tó sùn, kí ó fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú.

2. Ní òwúrọ̀, kí ó da omi náà nù, kí ó bu omi mìíràn sí i, kí ó dé e kí ó sì sè é. Ẹ̀wà tí a rẹ máa ń tètè rọ̀, kò sì nílò káún.

3. Nígbà tó bá rọ̀, kí ó fi àlùbọ́sà, ata lílọ̀, iyọ̀ àti epo díẹ̀ sí i. Irú tí a fọ̀ mọ́ yóò mú kí ó ta sánsán láìsí edé.

4. Kí ó sè é mọ ìwọ̀n ohun tí yóò tán lọ́jọ́ náà bí kò bá ní fìríìjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù fún alẹ́, kí ó gbé e kaná títí yóò fi hó dáadáa. Bí ó bá ti kan, dídà nù ló dára jù.

5. Kí ó tọ́jú ẹ̀wà gbígbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó ní ìdérí tó le, kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò kò lè gbé níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Kí ó má ṣe da oògùn apakòkòrò sí i láéláé.

6. Ẹ̀pà tó ti bu tàbí tó korò, kí ó dà á nù. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í mú un kúrò.

Nítorí pé kò jẹ ẹja, kí ó máa lo iyọ̀ tí a fi àyodíìnì sí, èyí tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa láti ọdún 1993. Òun ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ ní ọrùn. Ìwọ̀nba ni kí iyọ̀ náà jẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

FÍTÁMÌ KAN TÍ KÒ SÍ NÍNÚ EWÉBẸ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ lórí èyí: ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò ní fítámì B12. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́. Ẹyin 1 ní nǹkan bíi 0.5, ife mílíìkì 1 sì ní nǹkan bíi 1. Wàrà àwọn Fúlàní náà ní in. Ẹni tó ń jẹ ẹyin, tó sì ń mu mílíìkì tàbí tó ń jẹ wàrà déédéé lè rí i tó. Ẹni tí kò fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀; kí ó béèrè ní ilé ìwòsàn.

Ewu rẹ̀ ni pé kì í tètè hàn. Ara ní ìpamọ́ tó lè tó ọdún mélòó kan. Nígbà tó bá tán, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò máa kú tipiri, ara yóò máa rẹ ènìyàn, iyè rẹ̀ a sì máa ra. Bí a bá fi falẹ̀, ìpalára náà lè má lọ mọ́.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ̀YIN ÌYÁ ṢE

Ẹ má ṣe fi edé, ẹja tàbí omi ẹran pamọ́ sínú oúnjẹ ọmọ yín. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kò ní gba ìmọ̀ràn yín lórí oúnjẹ mọ́, ìmọ̀ràn yẹn gan-an sì ni ó nílò jù. Ẹ yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi ẹran sí ọbẹ̀.

Bí ó bá ń rù, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tàbí tí ikọ́ kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má ṣe jókòó máa bínú sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti itọ́ inú ikọ́. Ikọ́ ife àti àtọ̀gbẹ náà ń mú ènìyàn rù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọkùnrin tó ti dàgbà ni à ń bá wí níhìn-ín. Aboyún àti ọmọ ọwọ́ tí kò ní jẹ ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ ìlera.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ́ àwọn ọmọkùnrin yín ní oúnjẹ sísè nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ ọdún 10 lè ṣa ẹ̀wà, ọmọ ọdún 15 sì lè pọn mọ́ínmọ́ín.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá. Ó ní òun bẹ ọmọ òun, òun sì jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn jọ se gbẹ̀gìrì àti ewédú, ọmọ náà ló bó ẹ̀wà, ló sì fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Ó jẹ àmàlà méjì.

Ìlera lọrọ̀. Ẹ fi ìmọ̀ yìí ran aládùúgbò yín náà lọ́wọ́.