Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó Medicaid àti àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú
Medicaid, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, máa ń sanwó mamógíráàmù, ìyẹn fọ́tò inú ọmú tó lè fi kókó jẹjẹrẹ hàn kí ọwọ́ tó bà á. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí yóò san fún ilé àyẹ̀wò, iye náà sì sábà máa ń kéré sí ti Medicare, ètò àwọn àgbàlagbà, èyí tó lè mú kí àwọn ilé àyẹ̀wò kan má gba oníkáàdì Medicaid. Ìyà ńlá ni fún obìnrin tó mú káàdì dání, tí wọ́n ní kó wá ibòmíràn lọ, nítorí kókó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó gba ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba Medicaid níbẹ̀.