Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Mọ̀ Sí I: Bí Ìdílé Ṣe Lè Kó Lọ Sílé Tuntun Lẹ́yìn Omíyalé

Nígbàkúùgbà tí a bá jókòó pẹ̀lú yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé, owó àjẹ́ńtì àti owó ọkọ̀ ló ń gba ẹnu wa. Ìwé yìí wà fún ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà rántí títí di àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kẹ́rù: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a lọ bá ìyá kan di ẹrù sínú ọkọ̀. Ẹrù ti pé, awakọ̀ ti ń pariwo, ṣùgbọ́n a ò rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. A wá a títí. Ẹ̀yìn ibi ìdáná la ti rí i, ó ká jọ sáàárín àwọn ìkòkò. Ohun tó sọ ni pé òun ò padà sínú omi mọ́. Yàrá tí ìyá rẹ̀ gbà wà lórí ilẹ̀ gíga, ó sì jìnnà sí odò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó rí i pé wọ́n ń di ẹrù, ó sì rò pé ibi tí omi ti lé wọn ni wọ́n ń padà sí. Ìyá náà kò ṣe é ní ìkà. Ó rò pé ọmọdé ò nílò àlàyé ni.

Ìdí tó fi yẹ kí ọmọ mọ̀

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn kún àkúnya, omi sì gba ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí ibùdó ìrànwọ́ ní Agbówà. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti dàgbà báyìí. Tí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bi í léèrè ohun tó rántí, kí ẹ sì jẹ́ kó bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí omi dé, kò sí àyè láti bi ọmọ ní ìbéèrè kankan. A kàn gbé e pọ̀n ni, a sì sá. Ìkóẹrù kejì yìí yàtọ̀. Ọjọ́ wà nílẹ̀, ẹnu sì wà láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tó ń lọ, tó sì ní nǹkan tó ń ṣe níbẹ̀, kì í bẹ̀rù tó ọmọ tí a kàn ń gbé kiri bí ẹrù. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Tí ọmọ tó ti ń dá dìde lóru bá tún ń tọ̀ sílé, tó ń lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, tó ń jà, tàbí tó ń sunkún bí òjò bá ṣú, ẹ má nà án, ẹ má sì pè é ní ọmọ burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Tí kò bá dẹwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa, tàbí kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ

Ẹ jókòó pẹ̀lú wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹni tó ń bá yín lọ àti ẹni tí kò ní bá yín lọ, àti ilé ìwé tí wọ́n máa lọ. Ẹ sọ òótọ́. Tí ilé àtijọ́ bá ti wó, ẹ má sọ pé ẹ máa padà síbẹ̀ láìpẹ́. Ẹ má ṣèlérí pé omi ò ní wá mọ́ láé. Ẹ sọ pé bó bá wá, ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbà lọ. Ohun tí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ sọ pé, "A ò tíì mọ̀ ọ́n, bí a bá ti mọ̀ ọ́n, a ó sọ fún un yín." Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, kódà bí ìbéèrè kan náà bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Tí ọmọkùnrin bá sì sunkún nítorí ewúrẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù tó bá omi lọ, ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún.

Nígbà tí ẹ bá ń wo ilé

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú àgbà nínú àwọn ọmọ dání. Ẹ jọ wo ara ògiri bóyá àmì omi wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò léèrè ibi tí omi dé ní ọdún 2010 àti ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sọ fún ọmọ yín ohun tí onílé kò ní sọ fún yín: ibi tí gọ́tà ti ń kún, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ojú ọ̀nà tí kì í ṣeé gbà bí òjò bá rọ̀. Ìmọ̀ràn ni ti ọmọ, ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ òbí.

Iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ ti olúkúlùkù wà.

- Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà: kó mú ohun kan tó fẹ́ràn dání, ó lè jẹ́ aṣọ ìbora tàbí ìṣeré. Ẹ má bá a dì í mọ́ ẹrù.
- Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá: kó di báàgì ara rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé, ìwé, bàtà, àti ohun kan tó bá wù ú.
- Ọmọ ọdún méjìlá sókè: kó kọ iye ẹrù sílẹ̀, kó sì kà á nígbà tí ẹ bá ń kó o sínú ọkọ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti káàdì èsì ìdánwò, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá kí òbí fúnra rẹ̀ mú un dání.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti ọmọ rárá. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé tí omi ti gbà, nítorí ejò, ìgò fífọ́ àti wáyà iná. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ kó ẹrẹ̀ inú ilé, nítorí omi ṣáláńgá ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì máa se omi kànga kó hó kí wọ́n tó mu ún.

Ẹ má pín àwọn ọmọ kiri láìsọ fún wọn

A mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo kì í gba ọmọ márùn-ún, owó sì ti tán. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń rò ó láti fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n fi èkejì sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ ní ìlú. Ọmọ lè rò pé òun ni ẹ lé kúrò nílé. Bó bá di dandan, ẹbí tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ó jẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ ìgbà tí ẹ máa wá mú un, ẹ máa pè é, kí ẹ sì lọ wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ibùdó láti wá ọmọ ọ̀dọ̀, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìlòkulò. Ẹ kọ́kọ́ wá bá wa, ká jọ wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé

Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì gba ìwé tí ọmọ máa fi wọ ilé ìwé tuntun. Tí omi bá ti gbé ìwé lọ, ẹ má fi ìyẹn dá ọmọ dúró sílé. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Tí wọ́n bá dá yín padà, ẹ wá sọ fún wa.

Ọjọ́ ìkóẹrù àti alẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú aṣọ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ yan àgbà kan tí kò ní gbé ẹrù kankan, tó jẹ́ pé ọmọ nìkan ni yóò máa ṣọ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ẹ máa wọ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wọ life jacket.

Bí ẹ bá dé, ibi tí àwọn ọmọ máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́, kí ẹ tó to ìkòkò. Ẹ jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì ṣe àdúrà alẹ́ bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi gíga tí ẹ máa sá lọ bí omi bá dé, kí àwọn ọmọ lè mọ ọ̀nà náà lójú ara wọn. Ẹ kọ́ wọn ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112.

Ọmọkùnrin tí a sọ lókè yẹn padà wọ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí àpótí kan, ó sọ fún un pé ilé náà wà lókè, ó sì ní òun ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó dì í mú títí tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Tí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ bá òṣìṣẹ́ wa tó wà nítòsí yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání wá. Ọlọ́run yóò fi ilé tuntun náà tù yín lára.