Ìsọníṣókí Ọ̀pọ̀ Àpilẹ̀kọ Ìwádìí Láti Ọwọ́ Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: Ìlànà àti Ìṣòro Rẹ̀

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ní ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, orí-ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpilẹ̀kọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ka gbogbo wọn tán. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ máa kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti sọ wọ́n ní ṣókí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é àti ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ ti ṣọ́ra.

Ìlànà Ìsọníṣókí
Ní 1958, Hans Peter Luhn ti ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tí ó jẹ òǹkọ̀wé lógún a máa jẹyọ lemọ́lemọ́. Nítorí náà, gbólóhùn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí ni ẹ̀rọ yóò ṣà jọ. Ní 1969, Edmundson fi ọ̀rọ̀ inú àkọlé àti ipò gbólóhùn nínú àpilẹ̀kọ kún un. Ṣùgbọ́n bí àpilẹ̀kọ bá ti ju ẹyọ kan lọ, àwítúnwí a wọ̀ ọ́. Carbonell àti Goldstein wá ojútùú sí èyí ní 1998: gbólóhùn tí ó bá ohun tí a ń wá mu, tí kò sì jọ èyí tí a ti mú tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ̀rọ mú. Lóde òní, àwọn ẹ̀rọ kan kì í ṣa gbólóhùn jọ mọ́. Wọ́n ń hun tiwọn.

Àwọn Ìṣòro Ibẹ̀
Èkíní, ẹ̀rọ tí ń hun gbólóhùn lè sọ ohun tí àpilẹ̀kọ kankan kò sọ. Èkejì, ìyapa èrò lè sọnù. Bí àpẹẹrẹ, bí ìwádìí kan bá fi hàn pé ọ̀nà ìkọ́ni kan yọrí sí rere ní kíláàsì ọmọ 20, tí òmíràn sì fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ ní kíláàsì ọmọ 80, ìsọníṣókí lè wí pé ọ̀nà náà dára, kí ó má sì mẹ́nu kan iye ọmọ. Bẹ́ẹ̀, iye ọmọ yẹn gan-an ni olùkọ́ nílò. Ẹ̀kẹta kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ rẹ̀, 'ọkọ', 'ọkọ́', 'ọkọ̀' àti 'oko' di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ tí ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹyọ.

Ìkádìí
Ìsọníṣókí wúlò láti mọ àpilẹ̀kọ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Kò lè rọ́pò kíkà. Ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ wò nínú àpilẹ̀kọ gan-an kí ó tó lò ó. Ó sì tọ́ kí àwọn tí ń fi Yorùbá kọ ìwádìí máa fi àmì ohùn sí i pé pérépéré, kí ẹ̀rọ lè rí ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́.