Wíwo Ẹyẹ àti Yíya Àwòrán Wọn ní Ìgbà Òtútù

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ẹ̀yin olùdánwò, àròkọ aṣàlàyé kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí olùyẹ̀wò ń fẹ́ ni kí ẹ la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ nǹkan náà rí: kí ni, ibo ni, báwo ni, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe ká gbogbo ayé mọ́ ojú ìwé kan. Ẹ mú ibì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ sì dúró tì í. Ibùdó ààbò ẹyẹ ní Slimbridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a mú níhìn-ín.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.
2. Ibùdó náà àti ẹyẹ tó ń wá síbẹ̀.
3. Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dẹ́rù ba ẹyẹ ní ìgbà òtútù.
4. Bí a ṣe ń wo ẹyẹ.
5. Bí a ṣe ń ya àwòrán wọn.
6. Ìwúlò àwòrán náà.
7. Ìkádìí.

ÀRÒKỌ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ wo ẹyẹ tàbí tó fẹ́ ya àwòrán wọn mu rẹ́gí. Ẹyẹ kò dà bí ọmọ ilé tí a lè pè pé kó wá jókòó kí a ya àwòrán rẹ̀. Bí a bá lé e, yóò fò lọ. Bí a bá dúró dè é, òun fúnra rẹ̀ yóò wá sí ibi tí a ó ti rí i. Ní ìgbà òtútù pàápàá, lílé ẹyẹ kì í ṣe àdánù fún ayàwòrán nìkan. Ó lè ṣe ẹyẹ náà ní ibi.

Slimbridge jẹ́ abúlé kan ní etí odò Severn, ní ìpínlẹ̀ Gloucestershire. Àbàtà àti pápá koríko tútù ló pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1946 ni Peter Scott dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa dáàbò bo àwọn ẹyẹ omi. Ọdẹ ẹyẹ ni ọkùnrin yìí nígbà èwe rẹ̀, ó sì tún mọ àwòrán yà. Nígbà tó yá, ó gbé ìbọn jù sílẹ̀, ó di gègé àti ọ̀dà mú.

Ẹyẹ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ní ìgbà òtútù ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Bewick's swan. Ẹyẹ omi funfun báláú ni. Ó tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ lọ dáadáa, ọrùn rẹ̀ gùn, àgógó rẹ̀ sì ní àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ìyeyè. Àríwá Rọ́ṣíà ló ti ń yé ẹyin tó sì ń pa ọmọ. Nígbà tí yìnyín bá fẹ́ bo ilẹ̀ ibẹ̀, á gbéra, á sì fò tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà kí ó tó dé Slimbridge. Bí àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù ti ń sá fún òtútù wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni swan ń sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù tó ń mú kí ará Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn, ibi ìsinmi ni lójú ẹyẹ tó ti Rọ́ṣíà bọ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ó dára jù láti lọ wò wọ́n.

Ọjọ́ kúrú ní àkókò yìí. Ní oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kì í ju nǹkan bí wákàtí 8 lọ. Láàrin àkókò kúkurú yìí ni ẹyẹ gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná di ọjọ́ kejì, àti èyí tí yóò di ọ̀rá tí yóò fi fò padà sílé. Bí ènìyàn bá dẹ́rù bà á, dandan ni kí ó fò; fífò sì ń jẹ agbára púpọ̀. Ẹni tó dẹ́rù ba agbo ẹyẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan ti jí oúnjẹ wọn gbé, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé pákó kéékèèké tó ní fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibùdó náà. Inú wọn ni ènìyàn ń jókòó sí láti wo ẹyẹ láìjẹ́ pé ẹyẹ rí i. Kí a rọra ṣí fèrèsé. Kí a má na ọwọ́ jáde. Kí ohùn wa lọ sílẹ̀. Kí a mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni lọ́wọ́, kí a sì wọ aṣọ tó nípọn, nítorí ẹni tí òtútù ń gbọ̀n kò lè jókòó pẹ́. Ó tún yẹ kí a mọ èdè ara ẹyẹ. Bí swan tó ń jẹ koríko bá gbé ọrùn sókè lójijì, tí àwọn yòókù náà gbé tiwọn, tí wọ́n ń mi orí sókè sódò, tí wọ́n sì ń ké sí ara wọn, wọ́n ń múra àtifò nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwa ló fà á, kí a dúró jẹ́ẹ́ tàbí kí a rọra fà sẹ́yìn.

Ní ti àwòrán, lẹ́ǹsì gígùn, bí i ti mílímítà 400, ló yẹ, nítorí òun ni yóò sún mọ́ ẹyẹ dípò ẹsẹ̀ wa. Bí ohun funfun bá kún ojú kámẹ́rà, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, swan funfun yóò sì jáde bí eérú. Nítorí náà ni ayàwòrán ṣe gbọ́dọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ dé ibi tí ojú ìyẹ́ yóò fi parẹ́. Bí a bá fẹ́ ya ẹyẹ tó ń fò, kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ ńlá a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ bó bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lẹ́yìn ni yóò rí ojú rẹ̀. Òtútù a máa tètè pa bátìrì, kí a fi òmíràn sí àpò inú ẹ̀wù. Bí a bá sì wọ ilé tó móoru, kí a fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ ná, kí ó má baà làágùn bí ìgò omi tí a gbé jáde nínú fìríìjì.

Kí wá ni ìwúlò gbogbo wàhálà yìí? Ní ọdún 1964, Peter Scott ṣàkíyèsí pé bí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ìyeyè ti pín àgógó swan kan kò bá ti èkejì mu. Bí ilà ojú ti ń jẹ́ kí àwọn baba wa mọ ìdílé ẹni, bẹ́ẹ̀ ni àgógó ń fi ẹyẹ kọ̀ọ̀kan hàn. Ó ya ojú wọn sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ wọ́n lórúkọ. Láti ìgbà náà, bí ẹyẹ bá padà dé, wọn a mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí a mọ̀ pé akọ àti abo wọn kì í sábà kọ ara wọn, àti pé ọmọ tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì rí bí eérú ń tẹ̀lé òbí rẹ̀ rin ìrìn àjò àkọ́kọ́. Ọ̀nà yìí náà ni a fi ń mọ èyí tí kò padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò padà ló wá di ẹrù. Ní ọdún 1995, nǹkan bí 29,000 irú swan yìí ni wọ́n kà ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Yúróòpù. Ní ọdún 2010, ó ti di nǹkan bí 18,000. Èyí tí wọ́n kà ní ọdún 2020 tún kéré sí i. Àwọn kan ń forí sọ wáyà iná. Àwọn mìíràn ń gbé ọta òjé mì, wọ́n rò pé òkúta wẹ́wẹ́ tí iwe wọn fi ń lọ oúnjẹ ni. Òjé náà a sì di májèlé sí wọn lára. Àwọn ènìyàn kan ṣì ń yìnbọn fún wọn bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èyí tí kò dé Slimbridge ló kú. Ìgbà òtútù Yúróòpù kò mú tó ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń dúró sí Jámánì àti Nẹ́dálándì lójú ọ̀nà. Àwòrán ojú ẹyẹ tó mọ́ gaara, tí ẹnì kan yà níbẹ̀, lè fi hàn pé èyí tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ní àkótán, wíwo ẹyẹ ní ìgbà òtútù kì í ṣe eré ọ̀lẹ, yíya àwòrán wọn kì í sì í ṣe fún ẹwà ara ògiri nìkan. Ẹ̀rí ni àwòrán náà jẹ́ fún ẹyẹ tí kò lè sọ̀rọ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn ni èyí tí a yà láìjẹ́ pé ẹyẹ náà gbé orí sókè, tí a sì fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń jẹun.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí bí a ṣe lè wo lékeléke ní agbègbè rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìdẹ́rù bà á. Kọ́kọ́ ṣe ìlapa èrò rẹ.